Fìlà Orí Àgbàdo

Fìlà ló ń dé fún àgbàdo lọ́jọ́ tí Gbádégẹṣin kọ́kọ́ rí i. Ọkọ̀ ẹrù tó gbé e láti Ọ̀yọ́ ti bàjẹ́ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló bá yà sí oko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti tọrọ omi. Ọmọge kan ló bá láàárín àgbàdo funfun, tó ń fi àpò bébà bo orí ọmọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan. Oòrùn àárọ̀ ń dán lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé òtútù ń mú wọn ni?" ni Gbádégẹṣin bi í.

"Àlejò ni mi ò fẹ́ kó bà lé wọn," ni ọmọge náà dáhùn. "Irú yín yìí."

Olúyẹ́misí lorúkọ rẹ̀. Ó bu omi fún un, ó sì ṣàlàyé pé lẹ́búlẹ́bú ara ìrùkẹ̀rẹ̀ tó ń yọ lórí igi àgbàdo ni ọkọ, ọmọ àgbàdo tó ń yọ irun ni ìyàwó. Ẹni tí kò bá bo tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò yan ọkọ fún un. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa gbéra, Gbádégẹṣin ti gbàgbé ohun tó ń lọ rà.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí i mọ́. Àgbàdo dúdú ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ọ̀yọ́. Àwọn méjèèjì bá fi ṣeré ìfẹ́: ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ tútù ti àgbàdo dúdú wá gbọ̀n sórí funfun Yẹ́misí, ó sì gbé ti funfun lọ gbọ̀n sórí dúdú tirẹ̀.

Nígbà ìkórè, tirẹ̀ dúdú kirikiri. Ó fò fáyọ̀, ó gbé e lọ fi han olólùfẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Yẹ́misí rí tótòtó, dúdú lára funfun, bí ìyẹ́ awó.

Ojú Gbádégẹṣin yí padà. "Yẹ́misí, ọkọ mìíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí."

Bàbá Samuel, bàbá ọmọge náà, gbọ́ ọ láti ìdí àká. "Ọmọ mi lo bú yẹn, kì í ṣe àgbàdo. Máa lọ sílé ẹ."

Ó lọ. Tí Gbádégẹṣin bá di èèyàn sínú, eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun ni, kì í bọ̀rọ̀ yọ. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò tún dé, ó gbin irúgbìn funfun tí Yẹ́misí ti fún un rí. Òun fúnra rẹ̀ dé e ní fìlà, òun fúnra rẹ̀ gbọn lẹ́búlẹ́bú dúdú sí i, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀. Nígbà tó bó o, tótòtó ló rí.

Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ebè. Irúgbìn méjì kan náà ni. Bí dúdú bá jẹ́ ìyá, yóò kun gbogbo ọmọ. Bó bá jẹ́ bàbá, yóò kàn ta sí wọn lára ni. Kò sí àlejò kankan. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọjọ́ náà ló dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Samuel, tòun ti àgbàdo lọ́wọ́.

"Ta ni bàbá èyí?" ni bàbá náà bi í.

"Dúdú tèmi ni, sà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé ìyàwó fún un. Mo jẹ̀bi."

Bàbá Samuel yí àgbàdo náà síwá sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá bí ọmọ òun bá gbà. Ṣùgbọ́n Yẹ́misí kò tíì rẹ́rìn-ín.

"Tí mo bá bí ọmọ tí ò jọ yín ńkọ́?"

"Màá ní ìyá rẹ̀ ló jọ. Màá sì máa dúpẹ́."

Yẹ́misí wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló mú àpò bébà kan, ó dé e fún un lórí, ó sì rọra fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ má ṣí i o, ọmọ Aláàfin," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí àlejò kankan bà lé e mọ́."