Ọba Tí Kì í Jẹun Lẹ́yìn Ìwọ̀ Oòrùn

Irọ́ kọ́ ni. Hameedah, ọmọ Mìsítúrà, wà níbẹ̀, ó sì ṣì ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ lè bi í.

Ìtàn ọba kan ni Làtíìfù, ọkọ Mìsítúrà, ń kọ kó tó kú. Ẹlẹ́sìn Jéènì ni ọba náà, àwọn tí kì í pa ohun ẹlẹ́mìí, ní gúúsù Íńdíà láyé àtijọ́. Oṣù mẹ́jọ péré ló lò lórí oyè. Kì í jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Bó bá ń rìn, a máa fi ìyẹ́ ọ̀kín gbálẹ̀ níwájú ara rẹ̀, kó má baà tẹ èèrà pa. Níkẹyìn ó gbé adé sílẹ̀, ó jókòó, ó kọ oúnjẹ títí tó fi kú.

“Ayaba gbé oúnjẹ wá.” Ibẹ̀ ni àìsàn ti gba bírò lọ́wọ́ Làtíìfù.

Òun náà kọ oúnjẹ. Mìsítúrà fi ṣíbí rọ ògì sí i lẹ́nu tipátipá. Ọkọ rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé ìbínú ló bá lọ? Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí Mìsítúrà sinmi.

Oṣù ààwẹ̀ dé. Mìsítúrà gbé àwo mẹ́ta sórí tábìlì.

“Mummy, mẹ́ta?”

“Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ẹ fi sílẹ̀. Ebi ẹni méjì ló ń pa mí.”

Fóònù pe ìrun. Wọ́n fi dàbínù ṣínu. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nǹkan kan ń gbá kápẹ́ẹ̀tì. Ó rọra ń gbá a. Ó dúró. Ó tún gbá a. Ó dé ìdí àga kẹta, ó dákẹ́.

Àwo kẹta sún díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í.

“Bàbá Hameedah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò.” Mìsítúrà ti mú dàbínù dání. Ó wo fèrèsé. Oòrùn ti wọ̀. Ó dá a padà sínú àwo, ó gbé àwo náà lọ sí kíṣìnnì.

Ìró náà gbá ilẹ̀ lọ títí dé ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́. Mi ò fẹ́ mọ̀.”

Láàárọ̀, Mìsítúrà ṣí ìwé tí Làtíìfù ń kọ ìtàn náà sí. Ìlà tuntun kan ti wọ ibẹ̀: “Ayaba gbé e padà. Ọba yí ojú sí i.” Hameedah ò lè kọ Yorùbá. Yíǹkì náà ò tíì gbẹ.

Lórí kápẹ́ẹ̀tì, ojú ọ̀nà tóóró kan mọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Èèrà kan ń rìn láàárín rẹ̀. Kò kánjú.