Ihò Abẹ́ Bàtà Isidore

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá wo bàtà ọmọ mi. Ó wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí.

Iṣẹ́ mi ni láti mú àwọn àlejò dé ìdí òkúta ńlá tó dá dúró láàárín pápá wa ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan. Òun ni àwọn ẹfọ̀n fi ń họ ara láyé ọjọ́un, títí ó fi ń dán bíi gíláàsì. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ẹfọ̀n ti tẹ ibẹ̀ kẹ́yìn.

Ìyá ọkọ mi, Màmá Eulalie, ló rán bàtà awọ fún Isidore, ọmọ oṣù mẹ́fà. Ó dá ihò kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Bí àwọn tó ti kú lọ bá wá pe ọmọ pé kó bá wọn lọ, ọmọ á ní, "Bàtà mi ti lu, mi ò lè rin ọ̀nà jíjìn."

Ṣùgbọ́n àlejò kan wo ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, ẹ ra bàtà fún un!"

Ojú tì mí. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ìránṣọ. Mo rán ihò méjèèjì pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn àlejò ti lọ. Mo tẹ́ aṣọ sí ibòòji òkúta, mo gbé ọmọ lé e. Mo yíjú láti mu omi. Afẹ́fẹ́ dúró. Koríko dákẹ́. Nǹkan kan ń ha ara mọ́ òkúta lẹ́yìn mi. Hàà. Hàà.

Mo yíjú padà. Kò sí ọmọ lórí aṣọ.

Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rákòrò! Ipasẹ̀ bàtà kékeré wà nínú eruku: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ipasẹ̀ pátákò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tọ̀ ọ́. Isidore ń rìn lọ nínú koríko, ọwọ́ rẹ̀ kan nà sókè, bí ọmọ tí àgbà fà lọ́wọ́.

Inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo gbá a mú. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo dá àtẹ́lẹ̀ bàtà náà lu.

"Ẹ wò ó! Bàtà rẹ̀ ti lu! Kò lè bá yín lọ!"

Ọwọ́ tó nà sókè já bọ́. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó ké bí ọmọ oṣù mẹ́fà.

Nílé, mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá Eulalie, ó pòṣé. "Ìyàwó, níbi tí wọ́n ti kọ́ ẹ ní A, B, D, wọn ò kọ́ ẹ pé kéèyàn béèrè?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé bàtà náà wá. "O tún rán an?"

"Èmi kọ́ o."

Irun ẹranko ni òwú rẹ̀, ó pupa rúsúrúsú. Kò sí irú rẹ̀ nílé wa.

Màmá ní ká kó lọ sí ìlú. Mi ò kó. Pápá bàbá mi nìyí, ọmọ mi nìyí. Àárọ̀ yìí ló pé ọjọ́ kọkànlá. Bíi ti àràárọ̀, mo tún bá ihò náà ní dídí.

Mo ti gé òwú náà.