Ògiri Inú Igi Ọsàn

"Ṣé ọ̀bẹ ti yáná?"

Ìbéèrè tí bàbá Kíá máa ń bi í nìyẹn tí wọ́n bá ń gé ẹ̀ka nínú ọgbà ọsàn wọn. Bí ọ̀bẹ bá ti kan igi tó ń ṣàìsàn, àfi kí wọ́n yí i lórí iná kó tó kan òmíràn.

Kíá, tí wọ́n torí ìkánjú sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹ̀ka kan tó ti ń jẹrà. Ìyá igi ló kù, èyí tí gbogbo ọsàn inú ọgbà ti ara rẹ̀ wá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti gbé bọ́ọ̀lù dé ẹnu géètì.

"Màmá àgbà, ṣé ẹ ò ní sinmi ni?" Ọ̀kan nínú wọn ń fi Kíá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń lọ́ra bí arúgbó.

"Ó ti yáná, Bàbá," ni Kíá dáhùn nígbà tí bàbá rẹ̀ tún béèrè. Ó gé ẹ̀ka ìyá igi náà wàràwàrà, ó sáré jáde.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá igi bẹ̀rẹ̀ sí í ro oje, tí ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kíá rí i. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ ò yáná. Ẹ wò ó, igi yẹn ń sunkún."

Bàbá bá a lọ sídìí igi náà. Ó mú ayùn.

"Kì í ṣe ẹkún. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó o fi ọ̀bẹ gbé wọlé ni igi náà ń da oje lé lórí, kí ọ̀nà lè dí mọ́ wọn."

Ó rẹ́ ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ ti pọ́n náà. Inú rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Àmọ́ ìlà kan yí dúdú náà ká, ó le koko bí ògiri. Lẹ́yìn ìlà yẹn, igi funfun, ó tutù minimini.

"Ta ló mọ ògiri yìí?" ni Kíá béèrè.

"Igi fúnra rẹ̀ ni. Kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, kò lọ́wọ́ tó lè fi jà. Yàrá tí àrùn bá wọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níbẹ̀, á sì fi yàrá náà sílẹ̀ fún un."

Kíá fi ìka tọ ìlà náà. Igi tó ti rò pé ó kàn dúró lásán, ogun ló ń jà láìpariwo.

"Ká ní o tún pẹ́ sí i kó o tó sọ ni," bàbá wí, "àrùn ì bá ti fo ògiri yẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi."

Ìyá igi yè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ò so lọ́dún náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú kì í rí irọ́ kékeré nígbà tó bá ń wọlé. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́, ẹ̀ka ni yóò pàdánù. Ẹni tó bá bò ó mọ́ra, gbòǹgbò ni yóò fi san án.