Eré Tí Boyu Ń Bá Yutong Ṣe

Ọjọ́ tí Yutong kọ́kọ́ fojú kan Boyu ọmọ mi, agboorùn ló fi là á lórí. Ẹ̀jẹ̀ dà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní fi oyin pa á lára.

Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè láti Harbin, ìlú òtútù níhà àríwá. Ìsinmi ló wá lò, ó wá wòran ìlú. Ó ń wọ́ àpótí onítáyà gun àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ní í wọ́ àpótí onítáyà ní Chongqing, níbi tí àtẹ̀gùn pọ̀ ju títì lọ? Táyà kan ti yọ, òógùn ti bò ó. Boyu ń ti ọjà bọ̀, àánú ọmọ náà ṣe é, ló bá gbé àpótí lé èjìká, ó ń gùnkè lọ láìsọ̀rọ̀, bí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ti í ṣe. Ohun tí ọmọ àlejò rí ni pé àpótí òun ń sá lọ. Ó lé e bá, ó fi ìdí agboorùn gbá a lórí bí ẹni ń pa ejò.

Boyu jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fọwọ́ kan orí, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín bí ọ̀dẹ̀.

“Àǹtí, ẹ ti lù mí tán? Ilé wo lẹ wá fẹ́ lọ gan-an?”

Ojú ti ọmọbìnrin náà. Ó na fóònù sí i. “Máàpù ní mo ti débẹ̀. Mo ti ń yípo níbí látàárọ̀, mi ò rí ilé kankan.”

“Ẹ ti débẹ̀ lóòótọ́. Orí òrùlé wọn lẹ dúró sí. Ẹnu ọ̀nà wọn wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.”

Ó mú un wá bá mi. Ṣọ́ọ̀bù ìkòkò ata ni mo ní: ìkòkò á máa hó lórí tábìlì pẹ̀lú ọ̀rá màlúù àti ata pupa, oníkálukú á máa ti ṣàkì àti ìfun pẹ́pẹ́yẹ bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo rí orí ọmọ mi, kò sí èébú tí mi ò bú ọmọbìnrin yẹn.

“Ìwọ gígùn bí òpó iná yìí, ṣé ìyá ẹ ò kọ́ ẹ pé èèyàn máa ń béèrè kó tó lu èèyàn ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ìyá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tọ́ mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lù ná, kí n tó béèrè.”

Mo gbé ìkòkò síwájú ẹ̀. Ṣàkì ẹyọ kan péré ló fi sẹ́nu, ètè ẹ̀ wú, ahọ́n ẹ̀ kú, omi ń dà lójú ẹ̀, ló bá ní a ti fún òun ní májèlé jẹ. Kò sì dìde lórí ìjókòó títí ẹran fi tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni Boyu ti ń mú un káàkiri. Tí wọ́n bá dé, Yutong á wá máa ròyìn ìlú mi fún mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

“Màmá, mo rí rélùwéè tó wọ inú ilé àwọn èèyàn lọ, tó gba ẹ̀yìn jáde. Ìyá kan ń sá aṣọ lókè ibẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó.”

“Kí ló fẹ́ wò lára ẹ̀? Ṣé kò rí i lánàá ni?”

“A tún wọ ọkọ̀ orí wáyà tó ń gba òkè odò kọjá. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Boyu sùn ní tiẹ̀.”

“Irọ́ ni,” ni Boyu wí. “Mo dijú kí n má bàa rí bó o ṣe ń fi èékánná ya mí lápá.”

Ó ní ilẹ̀ ìlú àwọn tẹ́jú, àmọ́ ọ̀mùtí ló kọ́ tiwa, èèyàn á gùnkè títí kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìjókòó jáde láti wá gbèjà mi lọ́wọ́ ìyá aláta, bẹ́ẹ̀ a kàn ń kíra wa ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀mùtí kan da tíì gbígbóná sí mi láyà nítorí ẹran ẹ̀ pẹ́, ìjókòó yẹn ò ṣìnà. Yutong fọ́ ọ sí i lẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ tì í sórí àtẹ̀gùn, ọkùnrin náà sì fi eyín méjì sílẹ̀ fún wa. Tẹ́lẹ̀, mo ti ń wí pé mi ò fẹ́ ìyàwó ará àríwá tó ń jẹ aáyù tútù bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún Boyu pé tí kò bá fẹ́ ẹ, màá bí ọkùnrin míì tí yóò fẹ́ ẹ.

Ìsinmi tán, Yutong ò lọ. Ó ríṣẹ́ nínú ilé ìtajà ńlá kan, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sáré lórí yìnyín. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi. Mo gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan.

“Sún mọ́ mi, olólùfẹ́ mi, kùrukùru yìí ò jẹ́ kí n rí ẹ.”

“Kò sí kùrukùru lónìí, Boyu.”

“Ó ń bọ̀. Ṣáà sún mọ́ mi.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Nílùú wa, tí ọmọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọbìnrin, a kì í dárúkọ ìfẹ́, ojú máa ń tì wá. “Wọ́n ń ṣeré” là ń wí. Èmi àti bàbá Boyu ṣeré títí ó fi gbé mi wọlé, a ò sì fi ara wa ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n lápá àríwá, ọ̀rọ̀ kan náà yìí, ẹni tó fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ló ń sọ ọ́. Àwa ò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún wa?

Yutong ń fọ irun nígbà tí fóònù ẹ̀ dún. Guan Tieshan ni, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, awakọ̀ tírélà. Boyu gbé e, inú ẹ̀ ń dùn.

“Ta nìyí?” ni Tieshan bi í.

“Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Boyu lorúkọ mi. Èmi àti Yutong ń ṣeré.”

“Ẹ ń ṣe kí ni?”

“À ń ṣeré. Ó ti ṣe díẹ̀. Màmá mi náà mọ̀ sí i.”

Èmi náà ò lè pa ẹnu mọ́. Mo na ọrùn sí fóònù. “Wọ́n ń ṣeré dáadáa o. Àbúrò yín mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo àdúgbò ló ń wò wọ́n.”

“Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà, ìyá?”

Mo ṣàlàyé fún un títí dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó má jẹun lójú ọ̀nà. Ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ tó máa dé, mo pa pẹ́pẹ́yẹ.

Ọ̀sán ló dé, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kún. Ó ti ṣìnà títí lórí àtẹ̀gùn wa bíi ti gbogbo àlejò, orí ẹ̀ ti gbóná ju ìkòkò lọ. Irin tí wọ́n fi ń yọ táyà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rò pé ó ń fi tilẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn ni. Mo na apá méjèèjì.

“Káàbọ̀, àna mi. Ẹ wá jókòó.”

“Ta ló ń bá Yutong ṣeré níbí?”

Boyu nu ọwọ́ lára aṣọ ìdáná, ó nà án sí i, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. “Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ọwọ́ tó nà yẹn ni irin bà. Mo gbọ́ bí eegun ṣe kán. Kí Boyu tó lè kígbe, irin ti bà á léjìká, ó ti bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣubú lu tábìlì. Mo fọ́ ìgò bíà mọ́ Tieshan níwájú orí. Ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, kò tiẹ̀ wò mí. Àwọn oníbàárà fò dìde, abọ́ ń fọ́, ìjókòó ń fò. Ẹnì kan bù ú jẹ lápá títí ẹran fi yọ. Èmi ni.

Ìgbà yẹn ni Yutong wọlé, ọsàn tó rà de ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Tieshan ò mọ ẹni tó dì mọ́ òun, ó jù ú nù bí àpò, Yutong lọ gbá tábìlì tí ìkòkò ń hó lórí ẹ̀. Ìkòkò dojú dé. Boyu tó wà nílẹ̀ ló fi ara bo olólùfẹ́ ẹ̀. Ọ̀rá gbígbóná náà dà sí i lápá tó ti kán, ó dà sí i lẹ́yìn. Igbe tó ké, mi ò lè sọ ọ́. Òórùn ata gba ilé, òórùn ara ọmọ mi wà nínú ẹ̀.

Mo mú ọ̀bẹ ìgéran. Ọrùn Tieshan ni mo ń wò, mo sì mọ ibi tí mo fẹ́ gé.

Yutong gbé orí Boyu lé itan. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe fún yín?”

“Òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun àti ìwọ ń ṣeré. Ìyá ẹ̀ ní o mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo àdúgbò ń wò ẹ́.”

“À ń ṣeré! Èmi náà ń bá a ṣeré. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Ìfẹ́ ni. Kí ló dé tẹ́ ò béèrè?”

Irin bọ́ lọ́wọ́ Tieshan. Ọ̀bẹ ò bọ́ lọ́wọ́ mi ní tèmi, ṣe ni wọ́n gbà á.

Mọ́tò ọsibítù ò lè dé ọ̀dọ̀ wa, àtẹ̀gùn ni. Kò sẹ́ni tó bẹ Tieshan. Ó kúnlẹ̀, ó fa Boyu pọ̀n, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ro láti iwájú orí ẹ̀ sórí òkúta. Mo ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ń fi ìgbakọ lù ú ní ìhà, mo ń bú bàbá ẹ̀ àti bàbá tó bí bàbá ẹ̀. Ohun tó ń bi mí kò ju ẹyọ kan lọ.

“Màmá, ṣé kí n yà níbí?”

“Yà sósì, apànìyàn,” màá ní, màá tún lù ú.

Wọ́n gba ẹ̀mí Boyu là. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ni wọn ò lè dá padà. Àwọn ìka lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ká bí ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò ja ìjà kankan. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ro ọ̀rá láti kékeré. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó ti Tieshan mọ́lé bi mí bóyá mo dárí jì í, mo ní kó jẹrà síbẹ̀, ó sì lọ sẹ́wọ̀n.

Mo ní mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn mọ́. Yutong ṣáà ń wá. Ó ń fún Boyu lóúnjẹ ní ọsibítù, ó ń fọ egbò ẹ̀, ó ń sunkún níbi tí Boyu ò ti ní rí i. Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, màá lé e. Lọ́jọ́ kan tí kò fẹ́ lọ, mo fi ìgbálẹ̀ nà án lórí àtẹ̀gùn, lójú gbogbo èèyàn, mo nà án títí ìgbálẹ̀ fi tú. Ọmọ tó fọ́ ìjókòó mọ́ ọ̀mùtí lẹ́yìn, kò gbé ọwọ́ sókè.

Nígbà tó rẹ̀ mí, ó nu ojú ẹ̀.

“Màmá, ẹ ti lù mí tán? Ilé wo lẹ wá fẹ́ kí n lọ gan-an?”

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni, ọ̀rọ̀ tó sọ fún un lórí àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Yutong ṣa ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó kọjá lára mi, ó wọlé lọ so aṣọ ìdáná Boyu mọ́dìí, ó mú ìgbakọ. Ọ̀rá ọjọ́ náà jóná. Mo bú u, ó bú mi padà ní èdè wa, ó sì pè é bó ṣe yẹ.

Ṣọ́ọ̀bù la ti ṣe ìgbéyàwó. Tieshan ti jáde lẹ́wọ̀n nígbà náà. Mo ní kó má wá.

“Màmá,” ni Boyu wí, “ṣebí òun ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀.”

“Òun náà ló gbé ẹ ṣubú.”

“Yutong ò ní ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kó wá.”

Ó wá, ó jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ tètè sá. Àpá ìgò mi wà níwájú orí ẹ̀. Àgbà ìdílé ìyàwó ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ká tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kò sì sí àgbà míì. Ó dìde, ó gbé ife sókè.

“Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà mí nílùú yín,” ló wí. “Ẹyọ kan ni mo ti gbọ́ yé.” Ó kọjú sí àwọn méjèèjì. “Ẹ máa bá ara yín ṣeré títí ẹ ó fi darúgbó.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì. Boyu fi ọwọ́ òsì gbé ife. Yutong di ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ mú, kò jọ̀wọ́ ẹ̀.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo lọ bu ṣàkì níbi tí ata pọ̀ sí jù lọ nínú ìkòkò, mo gbé e síwájú Tieshan. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ará àríwá ò lè jẹ ẹ́.

“Jẹun, àna mi,” mo ní.

Ó jẹ ẹ́. Omi ń dà lójú ẹ̀, ètè ẹ̀ wú, kò dúró, kò béèrè omi. Nígbà tó tán, mo bu òmíràn sí i, mo wá jókòó tì í.