Kọ Ọ́ Pé Ulé Kún

Ọjọ́ tí Nathaniel, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ìwé omi, kọ́kọ́ wọ ọgbà wọn ní Ìjùrìn, Yẹ́misí ń fi omi kànga fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tí kò yọ omi láti ọdún mẹ́ta.

"Ìjọba fẹ́ fi mítà omi sí gbogbo ilé ní Nàìjíríà," ni Nathaniel wí. "Ìlú tí ìwé rẹ̀ bá tètè pé ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe."

"Mítà kẹ̀? Kí ló fẹ́ máa wọ̀n, atẹ́gùn?"

Nathaniel bú sẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, ẹ̀rín náà dùn, ibẹ̀ ni ọkàn Yẹ́misí ti fà sí i.

Ṣùgbọ́n ìwé náà ń bèèrè iye èèyàn tó wà nínú ilé. Màmá Yẹ́misí, ìyá ìjọ ní CAC, yọjú láti ilé ìdáná.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Aramọkọ ni, mà."

"Ọmọ Aramọkọ, o ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ? Kọ ọ́ pé ulé kún."

Nathaniel ò lè kọ pé ilé kún, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ló bá ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ní ìwé ló ń gbé òun wá. Ìwé wo! Àwọn méjèèjì jọ lọ sí Ìkògòsì, wọ́n jọ ti ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Olúṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n Yẹ́misí, ti ń pè é ní àna. Màmá náà ti gbà, wọ́n sì dá ọjọ́ ìtọrọ sí oṣù Kejìlá.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìwé lọ sí Àbújá, Nathaniel ní, "Oyin mi, ilé yín nìkan ló ṣẹ́kù. Bí mi ò bá kọ iye, wọ́n á yọ yín kúrò."

Yẹ́misí wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Méje."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀kadà Olúṣẹ́gun yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n. Kò délé mọ́.

Yẹ́misí ò lè gbé e mì, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Màmá ò pariwo.

"Ìwọ lo kà wá fún un?" "Onígbàgbọ́ ni mí. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ló yọ̀, kì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò lè fojú kan ọmọ yẹn mọ́."

Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, ẹbí Nathaniel wá láti Aramọkọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nínú oṣù Kejìlá yẹn gan-an, wọ́n ní kí Nathaniel tún ìwé ilé kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò. Yẹ́misí pàdé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi.

"Ìfẹ́ mi," ni Nathaniel wí, "jẹ́ ká máa lọ sí Adó. Tó bá yá, Màmá á dárí jì wá."

"Mélòó ló wà nínú ìwé yẹn?"

"Méje."

"Pa á rẹ́. Kọ mẹ́fà."

Nathaniel kọ ọ́.

"Bí mo bá wá tẹ̀ lé ọ, á ku márùn-ún," ni Yẹ́misí wí. "Ta ló máa sọ ìyẹn fún màmá mi?"

Nathaniel ká ìwé rẹ̀, ó lọ. Ìbànújẹ́ bo Yẹ́misí, ó di ẹ̀rọ omi gbígbẹ náà mú.

"Ta ni yẹn?" ni Màmá bèèrè láti ilé ìdáná.

"Àwọn oníwèé omi ni, Màámi."

"Kí ni wọ́n ń bèèrè?"

"Wọn ò bèèrè nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ulé kún."