Àmì Tó Kù

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni ọmọbìnrin yìí kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ gbọọrọ méjì yọ síta lábẹ́ apá bàálù ogun àtijọ́ kan, bàtà ọ̀tún kún fún ọ̀dà pupa, tòsì kún fún ọ̀dà funfun, ẹni tó ni wọ́n sì ń súfèé lábẹ́ ibẹ̀ bí ẹni tí ayé ń bá rẹ́rìn-ín.

Ayé kò bá ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ni alábòójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó àwọn bàálù àti táńkì ogun ayé àtijọ́ jọ sí, káwọn èèyàn lè máa wá wò wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ gbọ̀ngàn, ó sì bá ìyá àgbàlagbà kan lórí táńkì tó tóbi jù. Ìyá jókòó gẹ̀ẹ́rẹ́ sórí ọ̀pá ìbọn rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ́ra, ọkọ rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, mà! Ta ló ní kẹ́ ẹ gùn ún?"

"Ẹ̀yin náà ni," ni ìyá dá a lóhùn, ó sì nawọ́ sí pátákó tuntun tó wà níwájú táńkì. "Ẹ ní ká máa fọwọ́ kàn án. Èmi wá fi gbogbo ara kàn án."

Ọmọbìnrin náà yíjú sí pátákó. E MA FOWO KAN OKO. Lẹ́tà rẹ̀ tò, ó ń dán, kò wọ́ níbì kankan. Ṣùgbọ́n kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú lè kà á sí "ẹ má", ẹni tó bá wù ú lè kà á sí "ẹ máa". Àwọn àlejò sì ti mọ èyí tó wù wọ́n.

Ìdí nìyẹn tó fi dúró síwájú ẹsẹ̀ méjì yìí, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

"Akọpátákó ni o!"

"Ẹ jáde."

Súfèé dákẹ́. Orí kan yọ, ọ̀dà lórí imú, pẹ̀lú ojú tó ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà rí i pé arẹwà ọkùnrin ni. Ìyẹn tún bí i nínú sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí."

"Ẹ má kí mi. Àmì dà?"

"Àmì wo?"

"Àmì ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ kọ."

"Háà, ìyẹn? Mo ṣe bí eṣinṣin ló su sórí ìwé yín."

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà rí i pé àwàdà òun kò balẹ̀ dáadáa, ó wá dìde jókòó. "Àǹtí, ẹ gbọ́ mi. Àmì ń ba ẹwà lẹ́tà jẹ́. Ó máa ń dà bí ìgbà téèyàn ta epo sí aṣọ funfun. Ó ṣe tán, ta ló gọ̀ débi pé ó máa kọ pátákó pé káwọn èèyàn máa fọwọ́ kan táńkì ogun?"

"Ẹ lọ bi ìyá tó jókòó sórí ìbọn."

Ọkùnrin náà wo ọ̀ọ́kán, ó rí ìyá náà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀ pé kó sọ̀kalẹ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó fò dìde, ó sì forí gbá apá bàálù. Gbàǹ! Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà gba imú jáde.

Ó ní kí ọkùnrin náà tún gbogbo pátákó inú ilé náà ṣe, láti orí bàálù tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí dé táńkì ńlá tó wà nísàlẹ̀. Òun á máa ka ọ̀rọ̀ sókè, ọkùnrin náà á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé àmì lé e. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó pẹ́ rárá wá di iṣẹ́ tí kò lópin, nítorí pé etí ọkùnrin náà ṣàdédé di.

"Ẹ tún kà á fún mi."

"Mo ti kà á."

"Mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀ dáadáa."

"'Bàálù' ni. Bàá-lù! Ṣé adití ni yín ni?"

"Ẹ rọra pè é. Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ tún un pè."

Ọmọbìnrin náà mọ̀ pé ó gbọ́. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ó mọ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti sú mi kó tó tó àkókò yẹn, ṣùgbọ́n kò sú wọn. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó ṣàkíyèsí. Ọmọbìnrin náà ń pe ọkùnrin ní Aláìlámì, ọkùnrin náà ń pè é ní Alámì, omi tí ọmọbìnrin náà máa ń gbé wá fún ara rẹ̀ sì di ife méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àlejò kò sí, wọ́n jókòó sábẹ́ apá bàálù tí ọkùnrin náà ti forí gbá níjọ́sí.

"Alámì, látọjọ́ tó o ti pariwo mọ́ mi, n kò tíì gbọ́ ohùn míì tó wù mí."

"Ṣé ariwo ló ń wù ọ́?"

"Tèmi nìyẹn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ náà, aláìgbọràn yìí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni kó o lọ bá. Bí bàbá mi ò bá gbà, n kò ní lè fẹ́ ọ. Mi ò fi ṣeré o."

Bàbá rẹ̀ ti ṣe sójà rí. Nínú táńkì ńlá yẹn gan-an ló wà nígbà ogun, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ọ̀kan ga, wọ́n ń pè é ní Àgùntáṣọọ́lò. Ìkejì kúrú, wọ́n ń pè é ní Kúkúrú-bí-ikú. Bàbá yìí ni wọ́n sọ ní Sùúrù, nítorí pé kò ní in. Lọ́jọ́ tí iná ta sí táńkì náà, Sùúrù nìkan ló jáde. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò tíì yọjú síbẹ̀ rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gbé pátákó ìrántí síwájú táńkì náà, bàbá ní òun á wá. Ó ní òun sì fẹ́ rí akọpátákó tí ọmọ òun ń fi ojoojúmọ́ ráhùn lé lórí.

"Ẹ má wulẹ̀ wò ó lọ títí," ni ìyá ọmọbìnrin náà sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹni téèyàn ò bá fẹ́, èèyàn kì í ráhùn ẹ̀ tó báyìí."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí pátákó náà yóò sọ: *Àwọn tó kú nínú ọkọ̀ yìí: Àgùntáṣọọ́lò àti Kúkúrú-bí-ikú. Ẹni tó kù: Sùúrù.* Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó kọ ọ́, ó sì fi aṣọ bò ó.

"Ṣé o fi àmì sí i?"

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá bi ẹnìkan ní ìbéèrè, tó bá fi "má yọ ara rẹ lẹ́nu" dá yín lóhùn, ẹ tètè yọ ara yín lẹ́nu.

Bàbá dé nínú kóòtù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ó rìn lọ bá táńkì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣí aṣọ. Lẹ́tà wúrà ń kọ mànà, èyí tó rẹwà jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọkùnrin náà. Bàbá ka orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹrí ba. Ó wá ka ìlà ìkẹyìn. ENI TO KU: SUURU. Ó rọra mi orí.

"Èmi ni mo kú?"

"Rárá o, sà," ni ọkùnrin náà yára sọ. "'Kù' ni, sà. Ẹni tó ṣẹ́ kù."

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ṣé iwájú orí ẹ ni àmì ẹ̀ wà?"

Àlejò kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú bàbá yí padà. "Ẹni tó pa mí lójú mi kò lè fẹ́ ọmọ mi," ló wí, ó sì jáde.

Ọkùnrin náà dúró kí ariwo bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Nítorí pé bàbá rẹ ni," ni ọkùnrin náà wí, "mo fẹ́ kó rẹwà ju gbogbo ìyókù lọ ni."

"Ó rẹwà," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. "Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, Aláìlámì. Ohun kan ṣoṣo. Máa lọ."

Nílé, bàbá kò jẹun. Ìyá gbé abọ́ wá, ó dúró títí ó fi sú u.

"Bẹ́ ẹ bá ti kú lóòótọ́, ta wá ni mo gbé oúnjẹ fún?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀ tó wà ní títì, ó wo ògiri.

Lọ́jọ́ kejì ni ọkùnrin náà dé, ó ru pátákó ńlá náà lé èjìká láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, òógùn bò ó. Ọmọbìnrin náà ti lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin náà gbé pátákó náà ti ògiri pálọ̀, ó tẹrí ba.

"Mo wá bẹ̀bẹ̀, sà. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò ní àwíjàre kankan."

"Tó o bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ò ti fi àmì sí i níbi tó wà?"

Ọkùnrin náà gbé àgolo ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. "Mo ti fi sí gbogbo ìyókù. Ó ku ti 'ku' méjèèjì. Mo fẹ́ fi í sí i, ọwọ́ mi kọ̀, sà. Mò ń wò yín lánàá nígbà tẹ́ ẹ kà á. Kẹ́ ẹ tó bínú, ẹ kọ́kọ́ mi orí. Ẹ kà á bí ẹni tó ti ń retí ẹ̀. Mi ò sí nínú táńkì yẹn. Èmi kọ́ ni mo lè sọ èyí tí ẹ jẹ́."

Bàbá jókòó.

"Wọ́n kéré sí mi. Àwọn méjèèjì. Èmi ni mo súnmọ́ ẹnu ọ̀nà, mo ti jáde kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ara mi pé kí ló dé tí n kò bá wọn lọ. Nígbà tí mo rí i lára pátákó, mo ní, ó tán, ẹnìkan ti wá mọ̀."

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn. Ó wá, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Bàbá di búrọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni tí kò di í mú rí. Ó gbé àmì òkè lé "kú" àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dúró níwájú èkejì, ó dúró títí. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà kékeré kan wálẹ̀ sórí rẹ̀.

"Mo kù," ló wí.

"Èmi lẹ kù fún," ni ìyàwó rẹ̀ sọ, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

Bàbá wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó wọ́."

"Òun ló rẹwà jù lára ẹ̀, sà."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ìwọ lo pa mí, ìwọ náà lo jí mi. Kò sí ìjà láàárín èmi àti ìwọ mọ́. Àmọ́ èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́. Gbé pátákó ẹ, ká lọ bá ẹni tó ń bínú."

Ọmọbìnrin náà wà nídìí táńkì, ó ń bẹ géńdé kan pé kó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pá ìbọn, nígbà tó rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbé pátákó sáyè rẹ̀. Ó ka àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé orí èyí tó wọ́, ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ tí ọ̀dà wúrà wà lára rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, Alámì," ni ọkùnrin náà wí. "N kò ní fojú kéré àmì mọ́ láyé mi."

"Ṣé ó tún rẹwà báyìí?"

"Ó rẹwà ju ti àná lọ."

Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Pátákó kan ló kù," ló wí, ó nawọ́ sí E MA FOWO KAN OKO, èyí tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. "Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn fún mi. Fúnra mi ni mo máa ṣe eléyìí."

Ó gun àpótí. Ó fi àmì kékeré sábẹ́ gbogbo lẹ́tà tó yẹ. Ó gbé àmì òkè ńlá lé "má", ó gbé òmíràn lé "fọwọ́". Ó sọ̀kalẹ̀, ó nu búrọ́ọ̀ṣì, ó dé àgolo ọ̀dà.

Ọkùnrin náà súnmọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó rí ẹ̀san gbà. "Alámì, ìwọ náà! Àmì kan ṣẹ́ kù. Bó ṣe wà yìí, kì í ṣe ọkọ̀ o. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ má fọwọ́ kan ọkọ…"

Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó wo pátákó, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ìgbà wo ni mo gbàgbé àmì rí?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Ọkọ… ọkọ ta ni?"

Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀, bó ṣe mí kanlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé.

"Pátákó tó o gé ló kéré, Aláìlámì. Kò sí àyè fún 'mi'."