Ohun Tó Wà Nínú Àpótí Jíà

Òjò ọ̀sán náà ṣú dùdù bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́. Wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti mẹkáníìkì àgbà ń kó irin rẹ̀ wọlé nígbà tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì kan. Ó mọ ìró gbogbo alùpùpù àdúgbò, ṣùgbọ́n kò mọ èyí. Ó wúwo, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń dún bí ẹni pé irin ń jẹ irin. Wẹ́dà kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tì í ṣí.

Alùpùpù àtijọ́ kan dúró lórí sítáńdì láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí. Táyà yẹn kò yí láti ọdún mọ́kànlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàbá mẹkáníìkì dojú bolẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Wẹ́dà kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sá bọ́ sínú òjò, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Kí ọlọ́pàá tó dé, àdúgbò ti dá ẹjọ́ tán. Gbogbo wọn ló mọ alùpùpù náà. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹni tó ni ín ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nígbà tí táyà ẹ̀yìn dúró gbági lójijì, tó sì sọ ọ́ mọ́ ògiri afárá. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ló pa á. Kí ló fi pa á? Kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ẹnu ayé ṣe rí. Ẹbí ọkọ gba ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní apààyàn kò lè tọ́ ọmọ. Lóṣù tó kọjá ni opó náà wá gbé alùpùpù tọ mẹkáníìkì lọ, kó bá òun wo ohun tó pa ọkọ òun, bóyá òun á rí ọmọ òun gbà. Ní báyìí, mẹkáníìkì náà ti kú.

"Ẹni tó ni ín ló wá gùn ún," ni wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn kan ti ń gba ilé opó náà lọ.

Fojúsílẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí pé nǹkan kékeré kì í fo ojú rẹ̀ dá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ òkú tó ń gun alùpùpù, ó ní, "Kò burú. Ṣé òkú náà ló ra epo sí i?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká sọ òótọ́, nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tó rí i pé ó ṣì gbóná bí ara èèyàn, irun ọrùn òun náà dìde. Epo ti tán, táyà ti dúró, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé nǹkan náà ń sinmi.

Ó yí i po, ó wo irin tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́tùn-ún, ó wo ti òsì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí tábìlì. Ìgò ọ́ìlì jíà kan wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ kò tíì já. Pátákó dúdú kan sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?" ló bi wẹ́dà.

"Bí bàbá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá. Irin tí wọ́n bá yọ, orí pátákó ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i. Tí wọ́n bá ti dá a padà, wọ́n á nù ún."

Bàbá ti nu gbogbo ìlà náà tán àfi ẹyọ kan. Kò gùn ju ìdajì ìka lọ, orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Kò ní nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n fi ya á kò sì sí níbì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ́ìlì yìí ńkọ́? Ṣé bàbá lè sítáàtì ẹ́ńjìnnì láì dà á sínú jíà?"

"Bàbá kẹ̀? Wọ́n á kọ́kọ́ ya wèrè ná!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fojúsílẹ̀ ránṣẹ́ pe opó náà sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

"Ṣé bàbá sọ nǹkan fún yín kí wọ́n tó kú?"

"Wọ́n pè mí láàárọ̀ àná, wọ́n ní àwọn rí nǹkan nínú àpótí jíà. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní rárá, olórí ẹbí ọkọ mi ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kó má dà bíi pé àwọn rí i fín." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró, ọ̀gá. Wọn ì bá ti sọ ọ́ fún mi."

Olórí ẹbí náà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Káfíńtà. Òun ló gba ọmọ náà sílé. Nígbà tí Fojúsílẹ̀ ránṣẹ́ pe òun náà, ó wọlé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Mẹkáníìkì pè mí lóòótọ́. Òjò ni kò jẹ́ kí n wá."

"Ṣé ẹ gun alùpùpù yìí rí, sà?"

"Èmi? Àbúrò mi ni bàbá wa fún. N ò gbé ẹsẹ̀ lé e rí láyé mi. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun nǹkan yìí. Ẹ̀mí burúkú wà nínú rẹ̀."

"A máa sun ún. Ẹ kàn bá mi ṣe nǹkan kan ná." Fojúsílẹ̀ da ọ́ìlì sínú àpótí jíà, ó bu epo sí i, ó sì fi jíà sí fíríì, níbi tí táyà kì í ti yí. Ó ní kí wẹ́dà jókòó lé e, kó sítáàtì rẹ̀, kó sì fi í sí jíà. Wẹ́dà gùn ún. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, ó tún tẹ̀, táyà kò mira.

"Ó ti bàjẹ́, ọ̀gá," ló wí, ó sì yára bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá Káfíńtà, ẹ dákun, ẹ bá wa gbìyànjú ẹ̀. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀." Fojúsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà. "Wọ́n ní bàbá yín fẹ́ràn rẹ̀ gan-an?"

"Ju ọmọ lọ," ni Bàbá Káfíńtà dáhùn bí ó ṣe ń jókòó lé e. Ojú rẹ̀ wà lára ọlọ́pàá tó bẹ̀rẹ̀ náà, kò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sábẹ́ irin kékeré kan, ó gbé e sókè. Jíà wọlé, táyà ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí yí.

 Bàbá Káfíńtà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Fojúsílẹ̀ dìde, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹsẹ̀ òsì ni jíà alùpùpù ayé òde òní wà, òun ni gbogbo wa mọ̀. Ti èyí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, òkè ni wọ́n sì ń gbé e sí. Bíréèkì ni wẹ́dà ń tẹ̀. Ẹni tó bá ti gùn ún tó fi mọ́ ọn lára nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ síbẹ̀ láì wò ó. Ẹni tó mú kí táyà yí lánàá kò da ọ́ìlì sí i, nítorí náà kì í ṣe bàbá mẹkáníìkì. Ó mọ̀ pé àdúgbò á ní òkú ló gùn ún. Ohun tí bàbá ya sórí pátákó ní ṣóńṣó nídìí. Síkúrúù igi ni, káfíńtà ló ń lò ó. Ihò ọ́ìlì nìkan ló lè gbà wọ inú àpótí jíà, kò sì lè dá rìn wọlé; òun ló há jíà tí táyà fi dúró lójijì. Bàbá bọ̀wọ̀ fún yín, wọ́n fi hàn yín, wọ́n sì kẹ́yìn sí yín láti máa bá iṣẹ́ wọn lọ, ẹ wá lù wọ́n lórí, ẹ sì mú síkúrúù náà lọ."

"Èmi ni bàbá wa kọ́kọ́ kọ́ ní gígùn rẹ̀," ni Bàbá Káfíńtà wí. Ó ṣì jókòó lé e. "Èmi ni àkọ́bí. Wọ́n wá gbé e fún àbúrò mi. Mo kàn fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. N ò mọ̀ pé orí òkè ló ti máa dúró gbági."

Opó náà ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnì kankan mọ̀. "Ẹ mọ̀," ló wí. "Ẹ mọ̀ látìgbà yẹn, ẹ wá gba ọmọ mi."



Fojúsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé opó náà lọ sílé káfíńtà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ń sá aṣọ sórí okùn. Nígbà tó rí obìnrin náà, ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i láti òkèèrè, kò sún mọ́ ọn.

Ọmọ náà wo ọlọ́pàá. "Bàbá Káfíńtà ní tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, màá kú. Sà, ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni, ọmọ mi."

 Ọmọ náà pa ojú dé, ó sì na ìka kan sí ìyá rẹ̀.